Gíláàsì Omi Ló Sọ Ohun Tó Ń Pa Tòmátì Mi

Tí ẹ bá rí tòmátì tó rọ lọ́sàn-án gangan, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí kò pọ́n, tí kòkòrò ò jẹ ẹ́ ní ihò kankan, ẹ má tíì sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko. Ẹ kọ́kọ́ wá gíláàsì kan àti omi tó mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ìyókù ni bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀, àti ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, lápá ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì LAUTECH, ẹ̀yìnkùlé wa sì gba ebè mélòó kan. Kò tó ohun tí èèyàn ń pè ní oko. Tòmátì, ata rodo, ṣọ̀ǹbọ̀, ìgbá díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ nílùú yìí mọ ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu. Nígbà tí òjò bá ti wọlé dáadáa, tí tòmátì tó ń ti òkè ọya wá bá ti dín kù, owó rẹ̀ á fò sókè lọ́jà, a ó wá máa fi ata pọ̀ ju tòmátì lọ nínú ọbẹ̀, a ó ní bó ṣe wù wá nìyẹn. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò sí nínú ẹjọ́ yẹn.

Ebè tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ló ti bẹ̀rẹ̀. Igi kan rọ lọ́sàn-án, ó jí padà lálẹ́, a ní oòrùn ni. Ó tún rọ lọ́jọ́ kejì, ó tún jí. Nígbà tó yá kò jí mọ́. Gbogbo ewé rẹ̀ wálẹ̀ lórí ìnàró, pẹ̀lú èso wẹ́wẹ́ tó ti so sára rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ní títò, láti òkè lọ sísàlẹ̀, ní ipa ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn kọjá. Títò tó ń tò yẹn ni mi ò gbé ọkàn kúrò lórí rẹ̀. Oòrùn kì í pa nǹkan ní títò.

Oníkálukú ló ní ohun tó ń sọ. Ìyá ọkọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi mí bóyá ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù ló gba àárín ebè kọjá. Àwọn ìyá wa gbà pé ẹ̀fọ́ àti ata kì í fẹ́ ìyẹn, tí wọ́n bá sì sọ ọ́, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, èèyàn ò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Aládùúgbò wa ní Ẹ̀bólà tòmátì ni. Láti ọdún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta ti run oko tòmátì ní Kàdúná, tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, gbogbo ohun tó bá ti pa tòmátì ni wọ́n ń fún lórúkọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò ni Tuta, ọmọ rẹ̀ a máa jẹ ihò sínú ewé àti èso, ojú á rí i. Ewé tèmi kò ní ihò kankan. Ẹlòmíràn ní ayé ni. Ẹni tó ń ta oògùn oko kò tilẹ̀ béèrè bó ṣe rí kó tó gbé ike méjì wá síwájú mi.

Ọkọ mi kékeré kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní LAUTECH, ló dá owó náà dúró sápò mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má tíì da nǹkan kan sí i. Ẹ bá mi wá gíláàsì tí kò ní àwọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ó fa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ tu. Ó ní èyí tó ti gbẹ pátápátá kò ní sọ òótọ́ fúnni. Ó fi ọ̀bẹ gé e nídìí, níbi tó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ó mú èyí tó gùn tó ìka ọwọ́, ó fi omi ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Ó họ èèpo rẹ̀ díẹ̀: abẹ́ èèpo tó yẹ kó funfun ti ń ṣú. Ó wá fi òwú so ó mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ náà dábùú ẹnu gíláàsì, kí ojú ibi tó gé lè wọ inú omi díẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má mi tábìlì. Ìyá ọkọ mi gbé àpótí wá, wọ́n jókòó tì í.

Kò pẹ́ rárá. Nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ojú ibi tí wọ́n gé, bí èéfín àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa, àmọ́ ìsàlẹ̀ lòun ń lọ. Ẹyọ kan, lẹ́yìn náà méjì, mẹ́ta, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìdí gíláàsì. Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, omi tó mọ́ gaara náà ti rú. Ó gé igi kan tó le koko láti ebè ìsàlẹ̀, ó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú gíláàsì kejì, omi ìyẹn kò yí padà. Ìyá ọkọ mi wo méjèèjì, wọ́n ní, "Háà! Inú igi ni gbogbo èyí wà?" Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn mọ́.

Ohun funfun yẹn, bakitéríà ni, àìmọye rẹ̀. Ralstonia solanacearum ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ará Amẹ́ríkà kan, Erwin Smith, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1896. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ojú ọgbẹ́ ara gbòǹgbò ló ń gbà wọlé: ibi tí ọkọ́ ti gé e nígbà tí a ń roko, ibi tí aràn ilẹ̀ ti jẹ ẹ́, ibi tí gbòǹgbò tuntun ti la ara yọ. Tó bá ti wọlé, ó di inú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà gòkè lọ sí ewé, yóò máa bí sí i níbẹ̀ títí ọ̀nà náà á fi dí. Omi wà nílẹ̀, igi ò rí i mu. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ láì kọ́kọ́ pọ́n. Ìdí nìyẹn náà tí bíbomirin rẹpẹtẹ kò fi ràn án lọ́wọ́. Ńṣe lomi ń gbé àrùn lọ bá igi tó kàn. Ó sì fẹ́ràn ooru, láàárín 25 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ wá wo ojú ọjọ́ tiwa, nígbà wo la kúrò láàárín ìyẹn?

Ohun tó ń jọ ọ́ pọ̀, ibẹ̀ ni gíláàsì ti wúlò. Àrùn Fusarium náà ń mú kí tòmátì rọ, inú ilẹ̀ lòun náà wà, ṣùgbọ́n ẹbí olú ni, kì í ṣe bakitéríà. Òun a máa fara balẹ̀: ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ kan igi ṣoṣo, kó tó wá gòkè. Tí ẹ bá họ èèpo rẹ̀, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣú bákan náà, àmọ́ tí ẹ bá gbé e sínú omi, kò sí ohun funfun tí yóò yọ. Aràn gbòǹgbò, ìyẹn aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ tó ń jẹ gbòǹgbò, ní tirẹ̀ kì í sábà pa igi lẹ́ẹ̀kan náà. Igi á kàn ràn, kò ní dàgbà, tí ẹ bá fà á tu, gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ á ta kókó. Èyí tó burú jù ni pé aràn yìí a máa ṣílẹ̀kùn fún bakitéríà, tí àwọn méjèèjì bá wà lórí ebè kan, ẹ kú ìnáwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti irúgbìn tòmátì Roma VF, torí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Orí agolo rẹ̀ la ti ń rí VF yẹn, tí ẹni tó ń tà á á sì máa sọ pé "kì í gba àrùn." V dúró fún Verticillium, olú àrùn mìíràn tó ń gbé inú ilẹ̀, F dúró fún Fusarium. Ó ń gbógun ti méjèèjì lóòótọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ bakitéríà síbẹ̀. Èyí tó ń kú ní ẹ̀yìnkùlé mi, Roma VF pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn oògùn tí wọ́n gbé síwájú mi ńkọ́? Oògùn olú ni ọ̀kan, oògùn kòkòrò ni ìkejì. Kò sí èyí tó kan bakitéríà tó wà nínú igi nínú àwọn méjèèjì. Àwọn kan ń da eérú, àwọn kan ń da omi ewé dóńgóyárò. Mi ò bá eérú jà, ó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ilẹ̀ tó bá kan jù sì máa ń ṣe tòmátì níkà. Àmọ́ igi tó bá ti rọ nítorí àrùn yìí, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí oògùn tó ń jí i. Nígbà tí èèyàn bá gba èyí, owó rẹ̀ á dúró, á wá gbájú mọ́ àwọn tó kù.

Bí a ṣe gbájú mọ́ wọn nìyí. Gbogbo igi tó bá rọ, a fà á tu pẹ̀lú gbòǹgbò àti ilẹ̀ tó yí gbòǹgbò ká, inú ọ̀rá la ń gbé e sí lójú ẹsẹ̀, kí ilẹ̀ ara rẹ̀ má máa já sílẹ̀ káàkiri bí a ṣe ń gbé e lọ. A sun ún. A ò kó o dà sí ààtàn, nítorí ààtàn yẹn la ó tún padà wá kó gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ebè òkè kí ó tó wọ ti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí ara rẹ̀ dá la kọ́kọ́ ń ro, òkè tó ní àrùn la fi ń kásẹ̀ ńlẹ̀. Ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹ̀ka, gbogbo rẹ̀ la ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí a tó tì í bọ omi tí a po bílíìṣì mọ́, ìwọ̀n bílíìṣì kan sí omi mẹ́sàn-án. Tí ẹrẹ̀ bá ṣì wà lára irin, bílíìṣì ò lè dé ibi tó yẹ kó dé. Bàtà náà, ẹ má gbàgbé bàtà. Àwọn ọmọ máa ń gba àárín ebè lọ kó aṣọ lórí okùn. Mo ká okùn aṣọ náà, mo ta á síbòmíràn. Ìyẹn rọrùn fún mi ju kí n máa pariwo lé wọn lórí lójoojúmọ́.

Fún omi òjò, a gbẹ́ kòtò tóóró kan lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí omi tó ń ti òkè àdúgbò bọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Láti òkè yẹn ni mo rò pé àrùn náà ti wá, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ara èhù tí mo rà lọ́wọ́ ẹnìkan ló ti wọlé. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń gbin èhù mi.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ̀dú. Ọ̀dú kì í ṣàìmọ̀ fólóko, àwa tí a ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀fọ́ sì kì í fà á tu tó bá hù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹbí kan náà ni ọ̀dú, tòmátì, ata, ìgbá àti ẹ̀fọ́ gbagba. Àrùn tó ń mú ọ̀kan lè mú èyí tó kù, òmíràn nínú wọn á gbà á sára láìfi hàn, á máa bọ́ ọ títí tí ẹ ó fi tún gbin tòmátì. Kò tilẹ̀ mọ sórí ẹbí yẹn: ohun ọ̀gbìn tó ju 200 lọ ni bakitéríà yìí lè wọ̀, ẹ̀pà àti ata ilẹ̀ wà nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun pààrọ̀ tòmátì sí ata rodo lórí ebè àrùn, kò tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Mo fa gbogbo ọ̀dú orí ebè náà tu, ó dùn mí, nítorí ọ̀dú yẹn dùn púpọ̀ pẹ̀lú irú àti panla. Àgbàdo ni mo gbìn rọ́pò. Àgbàdo àti ọkà bàbà kì í gbé e. Wọ́n ní kí èèyàn fi ọdún méjì sí mẹ́ta fún un, ó kéré tán, tí kò sì ní jẹ́ kí ọ̀dú tàbí ìgbá kankan hù láàárín rẹ̀. Ilá kọ́, o, tí aràn gbòǹgbò bá wà níbẹ̀: aràn yẹn fẹ́ràn ilá ju bí àwa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Tòmátì ńkọ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn? Inú àpò ló wà. Àpò ìrẹsì, a da etí rẹ̀ dé ìdajì, a lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ inú rẹ̀ wá láti oko bàbá ọkọ mi níbi tí ó ti pẹ́ tó jẹ́ àgbàdo nìkan ni wọ́n ń gbìn. Ìwọ̀n ilẹ̀ méjì, iyanrìn kan, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti pẹ́ dáadáa kan. Ohun tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí ni pé àpò ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Obìnrin kan ládùúgbò wa náà ṣe àpò lẹ́yìn tó rí tèmi, ó tò ó sórí ilẹ̀ tí àrùn wà, gbòǹgbò gba ihò ìdí àpò kọjá wọ ilẹ̀, tòmátì rọ nínú ilẹ̀ tuntun, ó ní irọ́ ni mo pa fún òun. A gbé àpò kan sókè, a rí gbòǹgbò tó ti já sí méjì. Pákó àti búlọ́ọ̀kù la fi ń gbé e sókè báyìí. Omi kànga la ń bu sí i, nídìí, ní òwúrọ̀. A kì í lo omi tó dúró sí kòtò.

Nígbà tí ilẹ̀ oko ò ráyè dé, a se ilẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Àgbá irin àtijọ́ kan, òkúta àti omi díẹ̀ nísàlẹ̀, irin oníhò lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tó tutù díẹ̀ nínú àpò ọ̀gbọ̀, a dé e, a dáná sábẹ́ rẹ̀. Ooru omi ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe iná. Tí àárín ilẹ̀ bá gbóná dé 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, àwọn kòkòrò àrùn yìí ò ní lè dúró. Kò sí òṣùwọ̀n ooru nílé wa, nítorí náà ọ̀dùnkún kékeré kan ni mo ri mọ́ àárín ilẹ̀ náà. Nígbà tí irin bá gún ọ̀dùnkún náà wọlé wẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé ooru ti dé àárín. Àwọn ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ láti jẹ ẹ́. Igi ìdáná ń lọ níbẹ̀ gan-an, nítorí náà ilẹ̀ tí mo fi ń gbin èhù nìkan ni mò ń sè, mi ò lè se ti àpò tán. Ẹni tó bá kàn da ìkòkò omi gbígbóná sórí ebè, òkè ilẹ̀ nìkan ló jó, ohun tó wà nísàlẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Fún ebè fúnra rẹ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn la lò, kí a tó gbin àgbàdo. A tú ilẹ̀ náà dáadáa, a bomi rin ín, a wá tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, a fi ilẹ̀ tẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Ọ̀rá dúdú kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí oòrùn lè gbà kọjá ló ń ṣe ilẹ̀ gbóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ní àkókò tí oòrùn ń ran, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti lọ. Ó ń dín aràn, olú àrùn àti èpò kù lókè ilẹ̀. Bakitéríà tó bá ti wọlé jìn, ó lè sá pamọ́ fún un. Mo kà á sí ìrànlọ́wọ́ fún àgbàdo, mi ò kà á sí ìwòsàn.

Ọkọ mi kékeré tún gbìyànjú láti fi orí tòmátì lé ìdí ìgbá: abẹ ni wọ́n fi ń gé méjèèjì ní igun, wọ́n á so wọ́n pọ̀ títí wọ́n á fi jinná. Àwọn kan ń ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Taiwan àti Vietnam nítorí àrùn yìí gan-an. Àwọn kan lára tirẹ̀ mú, púpọ̀ gbẹ lójú ọgbẹ́. Irú ìgbá tí wọ́n ti yàn nítorí pé ó ń kọ àrùn náà ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ìgbá ọjà tiwa lè máà kọ ọ́ rárá. Mo ní kó máa bá ìdánwò rẹ̀ lọ, àpò tèmi ṣì dúró.

Àbúrò mi tó wà ní London rí fọ́tò ebè mi, ó ní strawberry lòun gbìn sí ọgbà kékeré ẹ̀yìn ilé òun, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún òun níbẹ̀ pé kí òun má gbìn ín síbi tí tòmátì tàbí ìgbá wà tẹ́lẹ̀, torí Verticillium tó wà nínú ilẹ̀. V orí agolo Roma nìyẹn. Ní tiwa, Jos tó tutù ni strawberry ti ń ṣe dáadáa, mi ò ní í fi ooru Ògbómọ̀ṣọ́ dán an wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn kò yàtọ̀ sí tèmi.

Àgbàdo wà lórí ebè òkè báyìí. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, mi ò ní kó tòmátì padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igi díẹ̀ ni mo máa gbìn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí omi ń já sí, kí n máa wò wọ́n títí wọ́n á fi so. Tí èyíkéyìí nínú wọn bá rọ lọ́sàn-án, mo máa gé e sínú omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá tú ohun funfun sílẹ̀, àgbàdo ló tún kàn.